Ó Rọ̀ Mọ́ Ọn, Kò Ṣírò Rẹ̀

Ọrùn aṣọ ni mo ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà tí mo gbọ́ gbàgà, gbàgà, lẹ́yìn ilé. Mo dá máṣíìnì dúró, mo jáde lọ wò ó. Ta ni mo rí? Mo-Rọ̀-Mọ́-Ọn ni. Ó tún ti gun òpó irin wa.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yìnkùlé ni òpó irin tí táǹkì omi jókòó lé wà, yàrá Màmá sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, yóò máa gbọ́ bí omi ṣe ń dún nínú táǹkì. Ẹsẹ̀ Màmá kò gbé e mọ́, ó di ọdún kẹta báyìí. Ibi tí a bá gbé e sí ló ń wà títí a ó fi tún gbé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí òun gan-an ló ń bí mi nínú títí dòní.

Ọkùnrin tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àdúgbò wa la sọ ní Mo-Rọ̀-Mọ́-Ọn. Bó bá ti so nǹkan tán, á fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù mú, á gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, á máa fì síwá sẹ́yìn bí ọmọdé tó rí ẹ̀ka igi. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀, á gbọn ọwọ́ nù.

“Mo rọ̀ mọ́ ọn, kò mira. Ó ti parí.”

Ìṣirò tiẹ̀ nìyẹn o. Kò tún sí òmíràn.

Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, páìpù gígùn kan ló fi ìdè irin méjì so mọ́ orí òpó wa, ó sì gbé díìṣì kan lé e. Ó rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó tún gbé díìṣì kejì wá fún àwọn ará òpópónà kejì, ó so ó mọ́ páìpù kan náà. Ó tún rọ̀ mọ́ ọn. Ti ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, pátákó ìpolówó ni, ó gùn, ó fẹ̀, àwòrán Bọ̀ọ̀dá wa sì wà lára rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ni àkọ́bí Màmá. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀ wa. Lórí pátákó náà, ó wọ kóòtù, ó ń fi eyín han gbogbo àdúgbò.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” mo kí Mo-Rọ̀-Mọ́-Ọn láti ìsàlẹ̀. “Ṣé páìpù kan náà lẹ tún fẹ́ so ìyẹn mọ́?”

“Àǹtí Aránṣọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Pátákó yìí ò wúwo. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e gòkè.”

“Bí afẹ́fẹ́ bá wá dé ńkọ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Èwo ló wúwo lára afẹ́fẹ́, Àǹtí?”

Bọ̀ọ̀dá dúró láàárín àgbàlá, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn. “Yí ojú mi sápá ọ̀tún díẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ láti títì lè rí mi dáadáa.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ, padà sídìí máṣíìnì rẹ. Kí ló kan abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ òpó irin?”

Mo padà. Àgbà ló sọ̀rọ̀, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹ ò rí i pé èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀? Mo mọ̀ pé ìyá mi wà lábẹ́ irin yẹn, mo sì lọ ń rán ọrùn aṣọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbíkẹ́yìn wa obìnrin wá kí Màmá. Ẹnjiníà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ṣírò ẹrù tí irin lè gbé àti èyí tí kò lè gbé, kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ òpó. Ṣùgbọ́n nílé wa, Kékeré ni. Bó bá di ọmọ ọgọ́ta ọdún, Kékeré náà ni Bọ̀ọ̀dá ó máa pè é.

Kò tíì kí mi tán tó fi gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Àǹtí mi, ta ló ń sùn nínú yàrá yẹn báyìí?”

“Màmá ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?”

Ó sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyanrìn. Ó gba téèpù ọrùn mi, ó gba pépà tí mo fi ń gé pátáánì, ó gun òpó. Mo ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó wọn gígùn páìpù, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ìdè méjèèjì, ó wọn fífẹ̀ díìṣì àti pátákó, ó sì tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ wo ẹsẹ̀ òpó náà nílẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ kọnkéré. Ó fi ìka yí ọ̀kan, ó sì yí.

“Àǹtí mi, ẹ rántí òpó tí a ń sá aṣọ lé, èyí tó ṣẹ́ lọ́jọ́sí?”

“Mo rántí.”

“Ṣé aṣọ tútù ló ṣẹ́ ẹ?”

Mo ronú sí i. Rárá o. Láàárọ̀ tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tutù rinrin, tó wúwo bí òkúta, òpó náà dúró. Ìgbà tí aṣọ gbẹ, tó fúyẹ́, ni afẹ́fẹ́ kó sínú wọn, tí òpó fi ṣẹ́ kátá.

“Afẹ́fẹ́ ló ṣẹ́ ẹ,” mo ní.

“Ẹ ṣeun. Ẹrù méjì ni páìpù yẹn ń gbé. Ọ̀kan ni ìwúwo nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn, ìyẹn ń fà á sísàlẹ̀. Èkejì ni ti afẹ́fẹ́, ìyẹn ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ìkejì yìí ló le jù, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni ò kà.”

Ó fà mí lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ fi ìka kan tì í, níbi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà.” Mo tì í, ó lọ wọ́ọ́rọ́. “Ẹ wá tì í níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè rẹ̀.” Mo fi ìka tì í, kò mira. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èjìká sí i.

“Ẹ rí i? Ibi tó jìnnà sí ìdè, agbára kékeré ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń bá páìpù jà. Páìpù yẹn yọ sókè kọjá ìdè ní mítà méjì ààbọ̀. Ìdè méjèèjì wá sún mọ́ra, ìdajì mítà péré ló wà láàárín wọn. Wọ́n sì kó gbogbo ẹrù sí téńté orí rẹ̀.”

Mo ní kó tẹ̀ lé mi, a jọ lọ bá Bọ̀ọ̀dá. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé Màmá, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kékeré kúnlẹ̀ kí i, ó wá tẹ́ pépà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Bí ìjì ńlá bá fẹ́, á ti díìṣì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára àpò sìmẹ́ńtì kan ààbọ̀. Díìṣì méjì ni.”

“Mẹ́ta,” Bọ̀ọ̀dá dáhùn kíá. Olùkọ́ kì í gbàgbé.

“Pátákó yín fẹ̀ jù wọ́n lọ. Tiẹ̀ nìkan á tó àpò mẹ́ta.”

“Mẹ́fà lápapọ̀.”

“Ẹrù yìí jìnnà sí ìdè òkè ní ìlọ́po márùn-ún àlàfo tó wà láàárín ìdè méjèèjì. Nítorí náà, ìlọ́po márùn-ún ni ìdè ìsàlẹ̀ máa jẹ.”

“Ọgbọ̀n.” Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

“Ìdè òkè á jẹ ìlọ́po mẹ́fà.”

Bọ̀ọ̀dá tẹ orí ba. Ó ń wo pépà. Ohùn kan ló ti inú yàrá jáde láti ojú fèrèsé.

“Mẹ́rìndínlógójì!” Màmá ni. “Àbí olùkọ́ ti gbàgbé ni?”

“Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rìndínlógójì, Bọ̀ọ̀dá,” ni Kékeré wí, “lórí ìdè pẹlẹbẹ tí nọ́ọ̀tì méjì tó tó ọmọńdinrín mi dì mú. Páìpù náà fúnra rẹ̀ ò nípọn tó. Bóyá ó tó fún díìṣì kan. Kì í ṣe fún gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú pátákó àti díìṣì kan sílẹ̀ lónìí.”

Bọ̀ọ̀dá ká pépà náà, ó dá a padà fún un.

“Ìwé nìyẹn. Irin kì í ka ìwé. Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìsọdipúpọ̀, Kékeré. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi lónìí?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀.”

“Mo-Rọ̀-Mọ́-Ọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Á wò ó.”

“Á rọ̀ mọ́ ọn ni!” mo pariwo. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kó tó di ọjọ́ Ajé.”

“Kí àwọn èèyàn lè máa sọ pé mo lọ tẹ́ ìyá mi sáàárín àkísà? Kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ yéé dẹ́rù ba èèyàn.”

Háà! Inú bí mi, mi ò lè jẹun alẹ́. Nítorí ohun tí ayé máa sọ! Ayé kọ́ ló ń sùn sábẹ́ páìpù. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń ṣe: ọ̀rọ̀ yóò dé orí ẹ̀mí, a ó máa wo ẹni tó sọ ọ́, bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ṣé afẹ́fẹ́ máa bi ẹnikẹ́ni léèrè ọjọ́ orí ni?

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Mò ń kó aṣọ wọlé ni mo gbọ́ tí omi ń ya yàà lẹ́yìnkùlé. Bọ̀ọ̀dá ló ṣí ẹnu ẹ̀rọ táǹkì sílẹ̀ gbayawu. Omi ti kún gbogbo ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

“Kékeré! Wá wò ó. Ìwọ lo ní ẹrù pọ̀ lórí òpó. Mo ti ń dín in kù fún ẹ.”

Kékeré figbe ta. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ tì í! Ẹ ti ẹ̀rọ yẹn!” Kò dúró kí àgbà dáhùn. Ó sáré kọjá lára rẹ̀ nínú omi, òun fúnra rẹ̀ ló tì í.

“Ṣé orí rẹ pé? Omi ló wúwo jù níbẹ̀!”

“Ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ òpó mọ́lẹ̀! Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, èwo ló máa ń gbé káàkiri àgbàlá, ṣé báfù òfìfo ni àbí èyí tí omi kún inú rẹ̀? Ẹ fẹ́ sọ òpó yìí di báfù òfìfo lórí Màmá!” Ó yíjú sí mi. “Àǹtí mi, ẹ lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kíá!”

Mo sáré lọ tàn án. Nígbà tí mo fi padà dé, ìyẹ̀pẹ̀ ti ń fò lójú títì, Màmá sì ti ń ké sí wa.

“Àkọ́bí mi dà? Kó wá bá mi.”

Gbogbo wa wọlé. Màmá jókòó ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Bí Màmá bá ṣe báyìí, ẹ yáa bẹ̀rù.

“Ṣé páìpù yẹn dúró dáadáa?” ó bi Bọ̀ọ̀dá.

“Ó dúró, Màmá.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ó dáa. Bọ́ bàtà rẹ, wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí títí ìjì yìí á fi kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kẹ́yìn.”

Ta ló tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní sùn? Bọ̀ọ̀dá bọ́ bàtà. Ó dùbúlẹ̀, tòun ti sòkòtò rẹ̀ tó tutù, ó ká ọwọ́ sáyà. Èmi àti Kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kékeré fẹ́ wọlé lọ gbé Màmá, Màmá gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró ná.

Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ dé. Fììì. Lókè orí wa, irin dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Ojú Bọ̀ọ̀dá lọ sí àjà.

Afẹ́fẹ́ kejì dé. Kẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó tún dún, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Kí lò ń wò lókè?” Màmá bi í. “Ṣebí ó dá ẹ lójú?”

Bọ̀ọ̀dá fò dìde. Ó kẹ́yìn sí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ká gbé Màmá lé òun lẹ́yìn. A gbé e lé e lẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àárín àkísà náà ló gbé ìyá rẹ̀ kalẹ̀ sí, kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ayé máa sọ.

A ò tíì gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn Màmá tí a fi gbọ́ ọ. Gbàlágàdà! Ilé mì. Páànù ya, nǹkan sì já lulẹ̀ lápá ẹ̀yìn.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàtà rẹ ṣì wà níbẹ̀ o.”

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, a lọ wò ó. Òpó àti táǹkì ṣì wà lórí ìdúró. Kékeré ní omi tó kù nínú rẹ̀ ló bá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ìdè ti já, páìpù ti wọ inú òrùlé, ó dábùú bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ irin bẹ́ẹ̀dì náà wọ́. Díìṣì kan wà níbi tí ẹsẹ̀ Màmá máa ń wà. Pátákó wà níbi orí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá rí ojú ara rẹ̀ lórí ibi tí orí ìyá rẹ̀ ì bá wà, ó wọ kóòtù, ó ń fi eyín hàn.

Ó jókòó sínú omi, ó sunkún bí ọmọdé. Kékeré lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi ò lọ. Mo ṣì ń bínú, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Mo-Rọ̀-Mọ́-Ọn dé, ó ń mi orí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmúwá Ọlọ́run ni. Ta ló mọ̀ pé ìjì máa le tó báyìí?”

“Ọmọ mi mọ̀,” ni Màmá wí. “Ọjọ́ Ẹtì ló ti kọ ọ́ sílẹ̀. Má gbé tìẹ ru Ọlọ́run.”

“Ṣùgbọ́n Màmá, mo rọ̀ mọ́ ọn, kò mi…”

“Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mélòó?” Bọ̀ọ̀dá ló bi í, ohùn kíláàsì ló fi bi í.

“Ẹ̀n?”

“Mo ní mélòó!”

“Mẹ́rìndínlógójì, sà.”

“Ṣé o wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rìndínlógójì? Kí wá ni ìrọ̀mọ́ rẹ fi hàn wá? Èmi náà gọ̀ ju ìwọ lọ, torí èmi mọ ìdáhùn.”

Ọjọ́ náà ni ìbínú mi sí Bọ̀ọ̀dá rọlẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Àwọn tó ń lani lọ́yẹ̀ lórí ààbò ilé ló ní kí n sọ ìtàn yìí, kí n sì fi sùúrù sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí Kékeré kọ́ wa, kò le rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so páìpù, díìṣì tàbí pátákó mọ́ òpó yín láìjẹ́ pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ti ṣírò rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ ní kó fi ìwé náà hàn yín. Ẹ bi í pé, “Ṣé ẹrù afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àbí ìwúwo nìkan lẹ kà?” Bí wọ́n bá fẹ́ fi ohun kan kún èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ, ìṣirò tuntun ni. Ti àná kò tó fún tòní. Kí páìpù má yọ jù sókè kọjá ìdè rẹ̀, kí àwọn ìdè má sì sún mọ́ra jù. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ òpó bóyá ìpẹtà ti ń jẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Òpó táǹkì, táǹkì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ má da omi inú rẹ̀ nù nítorí ìjì láìbi ẹni tó mọ̀. Bí ojú ọ̀run bá sì ṣú, tí ẹ ò mọ ẹni tó ṣírò ohun tó wà lókè, ẹ gbé èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá gbé e tán ni kí ẹ wá máa jiyàn.

Àti ọ̀kan sí i: bí ọmọdé bá mú ìṣirò wá, ìṣirò náà ni kí ẹ wò.

Pépà pátáánì tí Kékeré kọ nǹkan sí ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. A ti tún òrùlé ṣe. Wẹ́dà ti tún ẹsẹ̀ òpó dè, Kékeré sì dúró tì í títí tó fi ṣe é tán. Màmá ti padà sí yàrá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá báyìí, ìbáà jẹ́ káfíńtà tàbí ẹni tó ń so iná, tó ní ohun tí òun ṣe dúró digbí, Màmá kì í bá a jiyàn. Á kàn fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ó dáa, ọmọ mi. Bọ́ bàtà rẹ.”